Ilé Tí Ìyá Fẹ́ràn, Tí Ọmọ Kò Fẹ́ Gbé

Bóyá ni ọmọ Yorùbá kan wà tí kò gbọ́ òwe yìí rí: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Níbi ìpàdé ẹbí, tí ọ̀rọ̀ ilé bàbá bá ti délẹ̀, àgbàlagbà kan yóò pa á, gbogbo ilé yóò sì dákẹ́. Èmi náà gbà pé òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí mo fẹ́ mú ẹ̀yin òǹkàwé mi lọ sí ilé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ́ ilé náà dáadáa, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ inú rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, ọdún méjì kò tíì pé lẹ́yìn ikú ìyá wọn tí àrẹ̀mọ rẹ̀ fi fi ilé náà tọrẹ. Osborne ni orúkọ ilé ọ̀hún.

Ní erékùṣù Wight ni Osborne wà, ní gúúsù ilẹ̀ England, lẹ́bàá ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní East Cowes. Ní ọdún 1845 ni Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, Albert, rà á. Owó àpò ara wọn ni wọ́n fi rà á, nítorí náà kì í ṣe ohun ìní ìjọba bí ààfin Buckingham tàbí Windsor. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí wọn yóò ti jẹ́ ọkọ àti aya, bàbá àti ìyá, kí ojú àwọn ìránṣẹ́ ọba má baà máa tẹ̀ lé wọn káàkiri. Ilé kan ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà wọ́n, wọ́n sì wó o. Albert kò gbé iṣẹ́ náà fún gbajúmọ̀ ayàwòrán-ilé kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jókòó ti Thomas Cubitt, ọ̀gá kọ́lékọ́lé kan ní London, tí àwọn méjèèjì sì jọ pinnu bí ilé náà yóò ṣe rí. Apá tí ẹbí ọba yóò máa gbé ni wọ́n kọ́kọ́ parí, ní ọdún 1846. Ọdún 1851 ni gbogbo ilé náà tó parí.

Bí ẹ bá rí àwòrán Osborne, ẹ lè rò pé Ítálì ni ó wà. Albert sọ pé omi òkun tó wà níwájú ibẹ̀ ń rán òun létí etí òkun Naples, ó sì fẹ́ kí ilé náà bá omi náà mu. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ mú ọnà ilé Ítálì wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1802 ni John Nash ti ya irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Cronkhill, ní agbègbè Shropshire. Kò ṣòro láti dá irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀. Òrùlé rẹ̀ kì í ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Orí fèrèsé rẹ̀ a máa tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùmàrè. Ilé ìṣọ́ gíga a máa yọrí lára rẹ̀, kì í sì í sábà sí láàárín gbùngbùn, débi pé apá ọ̀tún ilé náà kì í bá apá òsì dọ́gba. Ilé ìṣọ́ méjì ni Osborne ní, aago wà lára ọ̀kan, àsíá sì wà lórí èkejì. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò rò pé òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Bíríkì ni, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kó lè jọ òkúta ni. Irin ni Cubitt sì fi gbé àjà rẹ̀ ró, kí iná má baà tètè jó o. Ọnà náà wu ọ̀pọ̀ ènìyàn débi pé nígbà tí wọ́n kọ́ ilé gómìnà sí Melbourne ní Australia, tí wọ́n parí ní 1876, Osborne ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe.

Ọmọ mẹ́sàn-án ni Victoria bí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò kọ́ wọn. Nínú ọgbà Osborne, wọ́n kọ́ ilé onígi kékeré kan fún àwọn ọmọ náà, bí irú èyí tí àwọn ará Switzerland ń gbé. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ọba ti kọ́ bí a ṣe ń se oúnjẹ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oko kékeré tirẹ̀, àti irinṣẹ́ tí wọ́n kọ àmì orúkọ rẹ̀ sí lára. Bí ewébẹ̀ bá ti tó kórè, bàbá wọn yóò rà á lọ́wọ́ wọn ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ẹ̀kọ́ ilé wo ló tún ku?

Ilé náà kan àwa Yorùbá pẹ̀lú. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Dahomey kọlu Òkè-Òdàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, wọ́n sì kó ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Àìná lẹ́rú. Ní ọdún 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, gbà á lọ́wọ́ Ọba Ghezo, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ Ọbabìnrin. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n sọ ọ́. Victoria ni ó gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1862 ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò ńlá ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sierra Leone, wọ́n sì wá fi Èkó ṣe ibùgbé. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn, Victoria ni wọ́n sọ ọ́, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ sì ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1880, Sarah kú ní Madeira. Ọmọ náà wà lọ́nà Osborne láti lọ kí ìyá ìsàmì rẹ̀ nígbà tí ìròyìn ikú ìyá rẹ̀ dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀. Ilé náà ni ó gbà á lálejò lọ́jọ́ tó di ọmọ aláìníyàá.

Albert ti kú ṣáájú, ní ọdún 1861. Fún bí ogójì ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, opó rẹ̀ kò yé wá sí Osborne. Ibẹ̀ náà ni ó kú sí, ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1901. Ó ti fi sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí ilé náà má kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Ṣùgbọ́n Edward, àrẹ̀mọ rẹ̀ tó gorí oyè, ti ní ilé tirẹ̀ tó fẹ́ràn ní Sandringham. Osborne tóbi, owó ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀, ó sì jìnnà. Nígbà tí wọ́n dé Edward ládé ní ọdún 1902, ó fi ilé náà ta àwọn ará ìlú lọ́rẹ. Inú Beatrice, àbíkẹ́yìn Victoria, tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà gan-an, kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọba ti sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ apá kan di ibi tí àwọn ọ̀gágun ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà láti 1903 di 1921. Àwọn yàrá tí Ọbabìnrin ń gbé lókè ilé náà, títí kan èyí tí ó kú sí, ni wọ́n tì pa, tí àwọn ará ìlú kò lè wọ̀, títí di ọdún 1954.

Ìdí tí mo fi ń ro ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ṣì ń ra páànù. Ilé alájà kan tí ó ní yàrá mẹ́jọ ni ó kọ́ sí ìlú wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọ mẹ́rin ni àwa: èmi wà ní Èkó, àwọn àbúrò mi méjì wà lókè òkun, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin nìkan ni ó fẹ́ ọkọ sí tòsí. Nínú àwa tí a jìnnà, kò sí ẹni tó ní in lọ́kàn láti padà lọ gbé ibẹ̀. A mọ̀ ọ́n, a kò sì sọ ọ́ fún un. Nígbà tí a bá ń jíròrò lórí fóònù, àwa tí a jìnnà ni a máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń gbá àgbàlá ilé náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tó nǹkan. Òun ni Beatrice tiwa.

Nígbà ọdún Kérésì tó kọjá, òun ni ó ní ìgboyà. Ó bi bàbá wa pé, “Bàbá, ta ni ẹ rò pé yóò gbé inú gbogbo yàrá yìí?” Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹni tí ó bá rẹ̀ nínú yín.”

Láti ọjọ́ náà ni ojú tí mo fi ń wo ilé náà ti yàtọ̀. A ti rò pé ìtẹ́ ni ó ń kọ́ fún wa, àṣé ibi ìsinmi ni. Ibi ìsinmi kò sì nílò yàrá mẹ́jọ. Láàárín oṣù méjì, a ti jọ sọ̀rọ̀ tí a kò sọ láti ọdún mẹ́wàá: yàrá méjì fún ẹni tí ó bá rẹ̀, ìyókù fún àwọn olùkọ́ tí ń wá ilé gbé nílùú, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wa ni owó ilé yóò sì máa wọ̀. Bàbá kò tíì gbà tán. Ṣùgbọ́n ó ti dáwọ́ páànù rírà dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àwọn òbí yín bá ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń retí kí ilé náà máa ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tó wà nítòsí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìwé ìhágún Victoria sọ ẹni tí yóò ni ilé, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ilé náà wu Edward.

Láti ọdún 1986 ni àjọ English Heritage ti ń tọ́jú Osborne, ẹnikẹ́ni tó bá sì san owó ìwọlé lè rìn nínú rẹ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n gbé àwòrán tuntun kan kọ́ síbẹ̀, tí Hannah Uzor yà. Àìná ọmọ Òkè-Òdàn ni ó wà nínú rẹ̀, nínú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀.