Ẹ̀kọ́ Èdè Wà Nínú Bẹ́ríìnì Alùpùpù

Bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ bá délẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ èdè abínibí, gbólóhùn kan kì í pẹ́ jáde: pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tó láti fi kọ́ni níṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́ kò tíì jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Ìlú Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, yẹ fún àpẹẹrẹ. Odò Ọya ni ó ń ṣàn níbẹ̀, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti tẹ̀dó síbẹ̀. Haúsá, Zarma àti Faransé ni àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ níta. Ìlú oníyanrìn àti eléruku ni. Bí ògbólógbòó alùpùpù bá ń rìn nínú irú eruku bẹ́ẹ̀, bó pẹ́ bó yá, eruku á wọ inú gírísì, bẹ́ríìnì ẹsẹ̀ iwájú á sì jẹ.

Ìró ni akọ́ṣẹ́ fi ń dá àrùn náà mọ̀. Ẹsẹ̀ tí ara rẹ̀ dá a máa yí geere. Èyí tí bẹ́ríìnì rẹ̀ ti jẹ a máa kùn hùn-ùn, a sì máa dún woroworo bí wọ́n bá mì í. Ṣé èdè tí ó ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni kò lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ?

Lẹ́yìn èyí, akọ́ṣẹ́ yóò gbé iwájú alùpùpù kúrò nílẹ̀, yóò tú nọ́ọ̀tì, yóò fa ọ̀pá irin tí ó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá yọ, yóò sì yọ rọ́bà tí ó ń dínà eruku. Bẹ́ríìnì méjì ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀, páìpù kúkurú kan ni ó sì wà láàárín wọn. Yóò ti páìpù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, yóò ki irin gbọọrọ bọ̀ ọ́ láti òdìkejì, yóò sì máa fi òòlù gbá a yíká òrùka inú bẹ́ríìnì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jáde. Bí ó bá ń wọ tuntun, òrùka ìta nìkan ni ó gbọ́dọ̀ gbá, torí bí ó bá gbá ti inú, agbára òòlù yóò gba ara àwọn ọta róbótó kọjá, bẹ́ríìnì yóò sì ti bàjẹ́ kí ó tó rìn rárá. Kí bẹ́ríìnì kejì tó wọlé, páìpù gbọ́dọ̀ ti padà sáàárín. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀, bí ó ti ń fún nọ́ọ̀tì ni òrùka inú méjèèjì yóò máa sún mọ́ra wọn, ẹsẹ̀ yóò sì há.

“Kí…tó”, “bí…bá”, “títí…fi”, “torí”: gbogbo wọn ni ó ṣiṣẹ́ níhìn-ín, ẹni tí ó bá sì ṣi ọ̀kan lò yóò ba ẹ̀rọ jẹ́. Àròkọ aṣàlàyé wo ni ó tún dára ju èyí lọ?

Àwọn kan yóò ní “bẹ́ríìnì” kì í ṣe Yorùbá, pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò náà ti gba òfin èdè: fáwẹ́lì ni ó fi parí, ó sì ní ohùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá láìbèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́, inú ìwé ni yóò kú sí. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó ohun tí ó wà jọ ná.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Láti 1973 ni Niger ti dá ilé-ẹ̀kọ́ àdánwò tí ó ń fi Haúsá kọ́ni sílẹ̀ ní Zinder. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2025. Bí òwe àti oríkì nìkan bá ni olùkọ́ èdè ń kọ́ ọmọ, kí ni yóò fi gbèjà èdè náà?

Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì kà á sí mẹkáníìkì létí. Mẹkáníìkì ni kí ó fún wọn ní máàkì.