Ẹni Tó Ṣa Àwo Orin, Kí Ó Ṣa Orúkọ Olórin Pẹ̀lú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó mọyì wúrà là á tà á fún. Ìtàn àwo orin sóòlù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́rìí sí òwe yìí, ó sì tún fi ibi tí ó kù sí hàn wá.

Láàrin ọdún 1960 sí 1970, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà gbé orin ijó tí à ń pè ní sóòlù jáde lọ́pọ̀ yanturu, pàápàá ní ìlú Detroit, níbi tí ilé-iṣẹ́ Motown wà. Díẹ̀ nínú wọn lókìkí, ọ̀pọ̀ ni kò tà rárá. Nígbà tí àṣà ijó yí padà ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ní Manchester, ní Blackpool, àti ní Wigan Casino tó ṣílẹ̀kùn fún wọn ní 1973, tó sì kógbá sílé ní 1981, wọn a máa jó lóru ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá rí àwo tí ẹlòmíràn kò ní, inú rẹ̀ a dùn bíi ti ọdẹ tó pa erin. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé e sórí ẹ̀rọ lóru, ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn yóò dìde jó sí ohùn tí ayé ti gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ìdíje wọ ọ̀ràn náà. Àwọn tó ń fi àwo sórí ẹ̀rọ a máa fi bébà bo orúkọ ara àwo, wọn a sì fún olórin ní orúkọ èké, kí ẹlòmíràn má baà rí irú rẹ̀ rà. Frank Wilson kọ orin kan fún Motown ní 1965, díẹ̀ kíún ló ṣẹ́kù nínú àwo náà. Nígbà tó dé Wigan, Eddie Foster ni wọ́n pe olórin. Ní 2020, wọ́n ta ẹyọ kan ní 100,000 pọ́n-ùn. Frank Wilson ti kú ní 2012. Wúrà tà, ẹni tó wà á kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwo sákárà, àpálà àti jùjú wa ti di ohun àwárí fún àwọn olùkó-àwo òkè òkun. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ohun tí wọ́n rà bọ́ lọ́wọ́ ikán àti ààtàn. Síbẹ̀, Yusuf Olatunji tó kú ní 1978, àti Haruna Ishola tó kú ní 1983, kò kọrin lásán. Wọ́n dárúkọ ènìyàn, wọ́n ki orílẹ̀ wọn, wọ́n sọ iṣẹ́ àti ìwà wọn. Ẹni tó ra àwo náà ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbọ́ ìlù kedere, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ẹni tí à ń kì fún un? Inú àwọn àgbà Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìmọ̀ yẹn wà, ikú kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sí àwọn àgbà. Kí ọmọ gbé àwo kan àti ìwé kan dání, kí ó kọ orúkọ olórin, ti onílù, àti ti ẹni tí orin yìn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má lé wọn. Owó lè ra àwo padà lọ́la, kò lè ra ẹni tó mọ ìtàn inú rẹ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.