Ẹni tí ó ń wádìí Boko Haram, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó kàn wá. Ní Ring Road níbí, bí ẹni tí ó dá irùngbọ̀n sí, tí ó wọ jalabíyà, bá dárúkọ Boko Haram nínú ọkọ̀, ojú tí àwọn èrò yóò fi wò ó yóò yí padà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi panu mọ́. Bí ọmọ kéwú bá béèrè pé kí ni àwọn ènìyàn yìí gbàgbọ́ gan-an, wọn á ní kí ó dákẹ́. Àwa kò rí i pé ìdákẹ́ yìí dára, ìtàn Ahmad Salkida ni a ó sì fi ṣàlàyé.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Borno ni Salkida, iṣẹ́ ìròyìn ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí ariwo Boko Haram tó gba ayé kan, ó ti ń lọ sọ́dọ̀ Muhammad Yusuf ní Maiduguri, ó ń gbọ́ wáàsí rẹ̀, ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ìkìlọ̀ ni ìbá jẹ́ fún ẹni tí ó bá létí. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní July 2009, tí Yusuf kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti Salkida náà mọ́lé, wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ó bọ́ nínú èyí. Ní 2013, ó kó lọ sí Dubai.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí. Ní April 14, 2014, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ Chibok. Ìjọba àpapọ̀ tún wá ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan náà pé kí ó bá àwọn bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé wọ́n máa ń dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò yọrí. Ní August 14, 2016, fídíò àwọn ọmọ náà tún jáde, Salkida sì wà lára àwọn tí ó gbé e síta. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ológun kéde pé àwọn ń wá a, òun pẹ̀lú Aisha Wakil àti Ahmed Bolori. Ní September 5, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ bàálù wá sílé, wọ́n sì mú un ní pápákọ̀ òfurufú Abuja. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú u sílẹ̀.

Àwọn tí ó ń bá a wí ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ń gbé fídíò apànìyàn jáde ń bá wọn polówó ọjà ni. A kò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. (Àwa tí a ń fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn, tí kì í ṣe iṣẹ́ wa, kí ni a fẹ́ sọ?) Síbẹ̀, àwọn òbí kan dá ọmọ wọn mọ̀ nínú fídíò náà, wọ́n sì mọ̀ pé ó wà láàyè. Ní ti Shekau ńkọ́? Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn ológun sọ pé àwọn ti pa á, tí ó tún yọjú. Ní May 2021, HumAngle, ilé ìròyìn tí Salkida dá sílẹ̀ ní 2020, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ròyìn pé ó ti kú níbi ìjà pẹ̀lú àwọn tí ó yapa kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ kéwú mọ Hudhayfah ọmọ Yamán. Nígbà tí àwọn yòókù ń bi Ànábì wa (S.A.W.) nípa rere, òun ń béèrè nípa aburú, kí ó má bàa bá a lójijì. Kò sí ẹni tí ó tìtorí ìyẹn pè é ní ẹni burúkú. Nígbà tí àwọn Khawaarij yapa kúrò lẹ́yìn Sayyidinà Aliyu, Abdullahi ọmọ Abbas wọ aṣọ tí ó dára, ó lọ bá wọn ní ibùdó wọn. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ro ẹjọ́ wọn. Wọ́n ka mẹ́ta. Ó fi Àlùkùránì dá wọn lóhùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì padà. Bí kò bá jókòó gbọ́ tiwọn, kí ni ì bá fi dá wọn lóhùn? Ní Àríwá níbẹ̀ náà, Sheikh Ja'far Mahmud Adam, tí Yusuf ti jókòó nídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí, mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ọkùnrin náà ti wọ́, ó sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn agbébọn pa á níbi ìrun àsùbáà ní Kano, ní April 13, 2007.

Ọ̀mọ̀wé ọmọ Faransé kan ni ó dá Nigeria Watch sílẹ̀ ní 2006, láti máa ka iye ẹ̀mí tí rògbòdìyàn ń gbà ní Nàìjíríà, iṣẹ́ náà sì padà wá fi Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbọ́ káṣẹ́ẹ̀tì oníwàásù, tí yóò mọ̀ pé ó gé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sí méjì, ilé-kéwú ni ó ti yẹ kí ó jáde, a kò sì tíì tọ́ irú wọn tó.

Ní sáà tí ó ń bọ̀, a ó ka ìtàn Abdullahi ọmọ Abbas àti àwọn Khawaarij pẹ̀lú kíláàsì Thanawiyyah, ẹjọ́ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá fẹ́ béèrè nípa Boko Haram níbẹ̀, kí ó béèrè. Òbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó wá jókòó tì wá.