Ẹ Bi Wá Kí Ẹ Tó Tún Un Ṣe

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gba ètò ìjálá àti ẹ̀sà sílẹ̀ sínú dìkódà ilé wa, nítorí àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi. Lóru ọjọ́ kan, nígbà tí a ti sùn, ẹ̀rọ náà gba àtúnṣe tuntun láti orí sátẹ́láìtì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àkójọ mi ti ṣófo. Mo pe iléeṣẹ́ wọn. Wọ́n ní kí n pa á, kí n tún un tàn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àtúnṣe dára, òun ló ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn kì í bèèrè. Bí iná bá lọ nígbà tí àtúnṣe ń wọlé lọ́wọ́, tí a sì mọ bí iná ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa, ẹ̀rọ náà lè má jí mọ́. Ohun tí a gbà sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti tì í pa mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí o gbé díìsìkì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò ní ṣí.

Ta ló ń wọlé onílé lóru láti tún àga rẹ̀ tò? Ẹ bi wá, ẹ jẹ́ ká lè sọ pé ó di ọ̀la.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá gbọ́ ìjálá, ẹ tètè dà á kọ. Ìwé kì í gba àtúnṣe lóru.