A Ò Kọ Àlòkù, Ààtàn Ni A Kọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó! Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ fetí sí kí wọ́n tó gbé e ká wa mọ́lé lójijì. Àwọn àgbà ní, igi gọ́gọ́rọ́ má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ní ìlú òyìnbó, wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná. Wọ́n á ri òpó gíga mọ́lẹ̀, wọ́n á fi abẹ̀bẹ̀ ńláńlá sí i lórí bí i ti fáànù, afẹ́fẹ́ á sì máa yí i. Abẹ̀bẹ̀ yìí kì í ṣe irin. Òwú dígí ni wọ́n fi oje kẹ́míkà lẹ̀ pọ̀ títí ó fi le koko, síbẹ̀ ó fúyẹ́ ju irin lọ. Bí ó bá ti lo nǹkan bí ọdún 20 sí 25, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò ṣe é yọ́ bí irin, kì í sì í jẹrà bí igi. Ní Casper, ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà, ńṣe ni wọ́n gé wọn, tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sin wọ́n bí ẹni sin òkú.

Àwọn mìíràn ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Szprotawa ní Pólándì, ní 2021, wọ́n fi irú abẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbé afárá ẹlẹ́sẹ̀ ró. Ní 2022, wọ́n ṣe òmíràn ní agbègbè Cork ní Áyálándì, láàárín Midleton àti Youghal, tí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ń gbà kọjá. Ní Aalborg ní Dẹ́ńmáàkì, òrùlé ibùdó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ṣe.

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ló kan ará Oǹdó nínú èyí? Ó kàn wá. Ní Rimi, ní ìpínlẹ̀ Katsina, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 37 ló wà níbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ méjì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 74. Ní Taiba N'Diaye ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọ́n ṣí ní 2020, ẹ̀rọ 46 ló wà, abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ìyẹn 138. Gbogbo wọn ni yóò gbó lọ́jọ́ kan. Ti Yúróòpù tó ti ń gbó báyìí kò níye. Ẹni tí ààtàn rẹ̀ bá sì ti kún, ilẹ̀ ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ló máa ń wá lọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi àlòkù ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kò sí ohun gidi tó lè ti ara pàǹtí jáde. A bi wọ́n léèrè: kí ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́ tí àgbẹ̀ kòkó fi ń roko? Ṣebí sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni. Kí ni wọ́n fi ń ṣe dọ̀ro tí a fi ń fa omi nínú kànga? Ṣebí tíúbù táyà ni. Àwa ọmọ Ògún ti ń sọ òkú irin di ààyè kí òyìnbó tó fún un ní orúkọ. Àìní afárá kò sì jìnnà sí wa. Ẹ lọ wo ọ̀nà oko kòkó yí ká Oǹdó, ẹ ó rí igi gẹdú tí wọ́n dábùú odò, tí ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ọmọ iléèwé ń gba orí rẹ̀ kọjá, ìyá tó ru kòkó ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ní Àkúrẹ́, bí òjò bá rọ̀ tí odò Àlà kún, ẹ mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ohun tí ikán kì í jẹ, tí kì í dípẹtà, kì í ṣe ohun tí a ó kàn fi ojú àrífín wò.

Ṣùgbọ́n àwọn tó léwu jù ni àwọn tó ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a ti gbàgbé Koko ni? Ní 1988, nígbà tí Koko ṣì wà ní ìpínlẹ̀ Bendel kó tó di Delta, wọ́n kó ìdọ̀tí olóró wá láti Ítálì, wọ́n háyà àgbàlá ẹnìkan ní owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n to àgbá rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí ariwo ta ni wọ́n tó kó o padà, tí ìjọba sì ṣe Òfin 42 ọdún náà láti dènà irú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì ní kó fọwọ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Àwa náà ní àpá tiwa. Àwọn àgbà inú ẹ̀ka wa ṣiṣẹ́ rí lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń fi páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe àjà ilé. Ayùn lásán ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Eruku rẹ̀ bò wọ́n bí ẹlùbọ́. Kò sí ìbomú, kò sí ẹni tó sọ pé eruku náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nígbà tí ikọ́ dé, agbaṣẹ́ṣe ti gba owó rẹ̀ lọ.

A ò ní purọ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: òwú dígí kì í ṣe asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, bí a bá ń rẹ́ ẹ, eruku rẹ̀ a máa yún ara, a máa ta ojú, a sì máa wọ àyà. Abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti fì fún ogún ọdún lè ti sán nínú láìhàn síta. Oòrùn náà a máa jẹ oje rẹ̀, ó gba ọ̀dà. Kò sì sí irú èyí tí a lè fi ojú lásán dì mú pé yóò gbé ènìyàn.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè nìyí:

Èkínní, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí òyìnbó lo tirẹ̀ ní ìlú tirẹ̀. Ìmọ̀ ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, kí wọ́n má kó ẹrù wá.

Èkejì, ti Rimi, kí ará Rimi kọ́kọ́ fi ṣe afárá tiwọn. Owó ọkọ̀ láti Katsina dé Àkúrẹ́ kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀kẹta, kí ó tó di afárá níbikíbi ní ìpínlẹ̀ wa, kí àwọn ẹnjiníà yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ gbé ẹrù lé e, kí wọ́n dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ̀kẹrin, kò sí ìbomú, ìbọ̀wọ́ àti omi tí a fi ń pa eruku, kò sí iṣẹ́. Ẹni tó bá gbàṣẹ́ náà, kí ó ti san owó tí Òfin ọdún 2010 là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa tàbí tó ṣàìsàn nídìí iṣẹ́, kí ayùn tó kan nǹkan.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ náà. A ò ní máa ru ẹrù fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin ará, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín ní yáàdì pé kí ẹ rẹ́ ohun tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ayùn kalẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka. Afárá dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe afárá gbọ́dọ̀ wà láàyè láti gbà á kọjá.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!