Aṣọ Kan Ṣoṣo Ológún Ẹrú

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Tí wọ́n bá pa òwe yìí létí ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, ẹ̀gàn ni wọ́n máa ń kà á sí. Wọ́n á ní irú òmùgọ̀ wo ló kó ogún ẹrú jọ tí kò lè dá ẹ̀wù kejì? Èmi kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ òwe náà kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tó ń sọ ni pé tí a bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn, ká wo ibi tí owó rẹ̀ kó jọ sí. Ológún ẹrú kì í sì í ṣe tálákà. Láyé tí ẹrú níní ṣì wà, ayé tí a kò gbàdúrà kó padà, ogún ènìyàn lóko jẹ́ ọ̀pọ̀ ebè iṣu àti orúkọ ńlá láàárín ìlú. Ohun tó wù ú nìyẹn, òun ló sì yàn. Aṣọ ló fi san án. Èyí tí òwe kò sọ fún wa ni bóyá ó mọ̀, nígbà tó ń ra ẹrú kẹwàá, pé aṣọ ara òun ni òun ń ná.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin kan tó ní òun fẹ́ ra wágọ̀nù Mercedes-Benz tòkunbọ̀.

Oúnjẹ àríyá ló ń sè n'Ìbàdàn. Lópin ọ̀sẹ̀, kúlà, ìkòkò, àwo àti àpò ìrẹsì ló ń kó kiri, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tó ń lò kò gbà wọ́n mọ́. Ó wá rí E350 wágọ̀nù ọdún 2007 kan, aláwọ̀ eérú, níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò l'Ékòó, ọkàn rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Owó tí wọ́n pè é kò tó ti jíìpù ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá."

Òótọ́ ló sọ, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó rí. Ìran tiwa mọ wágọ̀nù sí ọkọ̀ èrò. Láti 1975 tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ ní Kàdúná ni 504 ti gba gbogbo ojú ọ̀nà wa. Èyí tó jẹ́ wágọ̀nù ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ yàtọ̀ sí ti sálúùnù: irin gbọọrọ kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì mẹ́rin ló sì gbé e dúró. Ìyẹn ni awakọ̀ fi lè di iṣu àti ewúrẹ́ mọ́ èrò inú rẹ̀, tí kò fi ní jókòó sílẹ̀. Wágọ̀nù yẹn kan náà ni wọ́n fi ń gbé òkú lọ sílé. Ẹni tó bá ti lówó lónìí, tó rí ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn báyìí, páàkì tàbí pósí ló ń rántí. Jíìpù ló máa sáré lọ rà. Ní Jámánì, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wò ó. Ìdílé tó rí jájẹ, tó ní ọmọ, ajá àti ẹrù ni Mercedes ní lọ́kàn nígbà tó fi wágọ̀nù àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe han ayé ní 1977, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Bremen ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nínú èyí tí àbúrò mi rí, tí ẹ bá tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, àyè ẹrù rẹ̀ tó lítà 1,950. Ó wà nílẹ̀, kò ga bíi jíìpù, kúlà oúnjẹ kò ní í dá ni lẹ́yìn kí á tó gbé e wọlé. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà. N kò fi pamọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n pè é ni mo kọ́kọ́ bá a jà lé lórí. Ọkọ̀ yìí lé ní $50,000 nígbà tó jẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà. Ọdún ti gorí ọdún, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara rẹ̀ kò bá a já wálẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ olówó ńlá lówó pọ́ọ́kú ṣì ń tọ́jú ọkọ̀ olówó ńlá. Náírà tún dá kún un. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní iye ti ìjọba. Nígbà tó di 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun bá a lọ sókè, títí kan àlòkù ẹ̀yà mọ́tò tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjà Ládípọ̀, ní Mushin. Bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti lé ní ₦900 kí 2024 tó parí. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà kì í sì í jẹ epo díẹ̀ nínú gọ̀slóò.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò ra Toyota Sienna. N kò bi í láti fi gàn án. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ oúnjẹ nìkan la ń rò, Sienna ni kéèyàn rà kíá, kó sì padà sídìí ààrò. Kò sí òpópónà tí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò sí, kò sì sí ọjà ẹ̀yà mọ́tò tí wọn kì í ti í tà á. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Àmọ́ gbogbo ohun tí mo ti rà láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ni. Èyí wù mí." Ìdáhùn yẹn dùn mọ́ mi, nítorí kò purọ́ fún ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi èrò orí bo ohun tó wù wọ́n mọ́lẹ̀: wọ́n á ní ọkọ̀ náà lágbára, wọ́n á ní yóò pẹ́, wọ́n á ní yóò mú oníbàárà wá. Ẹni tó bá ti ń parọ́ báyìí kò lè ka aṣọ tó máa ná, torí kò gbà pé òun ń ná nǹkan kan. Mo tún bi í léèrè pé tí kò bá sí ojú kankan níta tó máa rí i nínú rẹ̀, ṣé yóò ṣì fẹ́ ẹ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbà á gbọ́.

Ó wá ku ìlera ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ wà níbẹ̀, nítorí wágọ̀nù tó jọra lójú lè yàtọ̀ síra lábẹ́. Bíréèkì ni mo kọ́kọ́ wò. Láàárín 2003 sí 2006, irú E-Class yìí, ẹbí tí E350 wà nínú rẹ̀, máa ń lo bíréèkì oníná tí wọ́n ń pè ní SBC. Kọ̀ǹpútà ló ń gba ìròyìn ẹsẹ̀ awakọ̀, pọ́ńpù oníná ló sì ń fún bíréèkì lágbára; pọ́ńpù náà tún ń ka iye ìgbà tí ó ti ṣiṣẹ́, tí iye yẹn bá sì ti pé, ó di pípààrọ̀. Tí ètò náà bá kọṣẹ́, táyà iwájú nìkan ni bíréèkì ẹlẹ́sẹ̀ á ṣì mú, pẹ́dàlì á sì wọlé jìnnà. Mercedes pe ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ padà nítorí rẹ̀ ní 2004 àti 2005, ó sì yọ ọ́ kúrò lára E-Class ní 2006. Ti ọdún 2007 tí àbúrò mi rí bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Bí ẹnì kan bá wá gbé ti 2005 wá, tó ní òun á bù díẹ̀ kúrò nínú owó rẹ̀, kò tíì ṣe é lóore.

Ẹ́ńjìnnì ni ìkejì. M272 ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú kó má gbọ̀n, eyín irin orí ọ̀pá náà sì rọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ó máa ń jẹ kí ọjọ́ tó pé. Àwọn tó ni ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Irin náà fúnra rẹ̀ kò tóbi, àmọ́ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì ni a fi ń mọ̀ bóyá ó wà lára àwọn tí àrùn yìí kọlù, torí náà ọdún tí ẹni tó ń tà á pè kò tó.

Fún àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà, mo ní kó wá ọ̀gá tó ní sikánà tirẹ̀, kó sì fúnra rẹ̀ sanwó fún un. Mẹkáníìkì tí alágbàtà bá mú wá, ọ̀dọ̀ alágbàtà ló ti ń jẹun. Àwọn kan a sì pa gbogbo àmì àìsàn rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, kí iná pupa má baà tàn. Sikánà gidi á tú àṣírí wọn: kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù mọ́ máa ń sọ pé òun kò tíì parí àyẹ̀wò ara òun, ó sì dìgbà tí wọ́n bá wà á dáadáa kó tó lè parí rẹ̀.

Ìwé kò ṣe é fojú fò. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ jẹ́ àmì 17. Ó lè fi hàn bóyá omi ìjì ti gbé e rí ní Amẹ́ríkà kó tó di ohun tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ síbí. Gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, wo ìdí bóòtù ìjókòó bóyá ó ti dípata. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìdí ọkọ̀ náà ló wá yanjú ọ̀rọ̀. Àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló gbé ẹ̀yìn wágọ̀nù yìí dúró, kí ó lè máa dọ́gba nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Tí rọ́bà bá ti là, afẹ́fẹ́ á máa jò jáde lóru, ẹ̀yìn ọkọ̀ á wọlẹ̀. Pọ́ńpù tó ń fẹ́ ẹ kò ní í sinmi mọ́, títí òun náà á fi jóná. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣíná sí i ló máa gbéra sókè, ẹni tó bá dé lọ́sàn-án kò sì ní í mọ̀. Nítorí náà a dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣí géètì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo táyà. Ẹni tó ń tà á ní kò sí ohun tó ṣe é, kò sì fẹ́ yọ kọ́bọ̀. A kí i, a sì kúrò níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni mo tó béèrè ohun tí mo ti ń gbèrò láti béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀: tí ó bá rí èyí tó dára, kí ni kò ní í rà nítorí rẹ̀? Mo sọ fún un pé owó ríra kò gbọ́dọ̀ gbá àpò rẹ̀ mọ́ pátápátá. Tí kò bá ní owó kan lọ́tọ̀ fún rọ́bà, pọ́ńpù àti ohun tí a kò tíì rí, kó má rà á, kó dúró. Kò ronú pẹ́. Ó ní fìrísà ńlá tí òun fẹ́ fi kún ti ṣọ́ọ̀bù á dúró di ọdún tó ń bọ̀, aṣọ ẹbí á sì di èyí tí òun máa ń kọ̀. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò sí nínú rẹ̀, ó ní òun kò ní í fọwọ́ kàn án. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa wá a lọ.

Ó ti rí òmíràn báyìí, ní Ìlọrin, lọ́wọ́ oníṣègùn kan tó ti ń lò ó bọ̀ tipẹ́, tó sì kó gbogbo ìwé àtúnṣe rẹ̀ pamọ́. Èmi, òun àti ọ̀gá mẹkáníìkì rẹ̀ máa sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ká lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná sí i.