Ibà àti Jẹ̀funjẹ̀fun Kì í Ṣe Táíwò àti Kẹ́hìndé

Lọ́dún tó kọjá, ara mi gbóná, orí ń fọ́ mi. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù oògùn kan l'Ádó-Èkìtì. Ìbéèrè méjì péré ni màmá tó wà níbẹ̀ bi mí. "Ọmọ mi, ibà àti táífọ́ọ̀dù ni." Ó já oògùn oríṣi mẹ́rin sínú ọ̀rá, ó gbowó ẹ̀, ó parí. Èmi tí mo kàwé òfin, mo gbé e mì.

Ọjọ́ karùn-ún, ọsibítù ni mo bá ara mi. Àyẹ̀wò ní táífọ́ọ̀dù ni, kò síbà lára mi rárá. Antibiotics tó wà nínú ọ̀rá yẹn ò ju ti ọjọ́ méjì lọ.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tá a ń ṣe fún ara wa nìyẹn: ẹjọ́ orí fífọ́ nìkan la gbọ́, a ti dá àìsàn méjì lẹ́bi.

Àìsàn méjèèjì ò sì jọra. Ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà wọ ara. Á kọ́kọ́ lúgọ sínú ẹ̀dọ̀, kó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Á pọ̀ sí i níbẹ̀, á sì bẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà. Bí wọ́n ṣe ń bẹ́ ni òtútù ń mú wa, tí ara ń gbóná. Òun náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tán lára ọmọdé.

Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó bá ni táífọ́ọ̀dù ń bá wọlé. Á gba ara ìfun kọjá, á wá sá pamọ́ sínú àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó pa á, bí olè tó lọ ń sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bá ò bá tètè tọ́jú ẹ̀, tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lè lu ìfun. Iṣẹ́ abẹ ló kù nìyẹn. Yorùbá ò purọ́ tó pè é ní jẹ̀funjẹ̀fun.

Oògùn ibà ò lè pa kòkòrò yìí. Ẹni tó bá sì ń gbé antibiotics mì láìnídìí, ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò bó ṣe máa borí oògùn.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, "Owó dà?" Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan àti bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún àyẹ̀wò ibà. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ní ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó lo oògùn ibà. Tó bá jẹ́ táífọ́ọ̀dù lẹ ń fura sí, ẹ béèrè àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń hu kòkòrò látinú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Widal lè mú ẹni tí ò jẹ̀bi.

Ìjọba Èkìtì náà níṣẹ́ tirẹ̀: kí àyẹ̀wò ibà wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, kí omi tó mọ́ sì máa yọ lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ní tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ká gbọ́ ẹ̀rí ká tó dájọ́. Ìfun ẹni kì í ṣe ohun tá a fi ń méfò.